"Wá bá mi ní WhatsApp": nígbà tí ọjà gbàǹjo bá sá kúrò lójú ọjà

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá mi ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Ó ti fowó lé láàpù (kọ̀ǹpútà agbélétan) àlòkù kan lórí eBay, ìkànnì gbàǹjo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dọ́là 340 ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹlòmíràn fi 345 borí rẹ̀, ó sì ti gba kámú. Ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Wọ́n ní ẹni tó borí kò rówó san, láàpù ṣì wà nílẹ̀, bó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó wá bá ọlọ́jà lórí WhatsApp. Dọ́là 300 péré ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìkànnì ò ní yọ nǹkan kan nínú owó náà mọ́.

Ọmọ náà ti kó owó jọ. Ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi ò ju "ó dáa, san án" lọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, a sì pẹ́ díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ohun tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ń dé bá. Láti Méfẹ́à títí dé ẹnu géètì yunifásítì, ọ̀pọ̀ láàpù tí àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ ń gbé kiri ló jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà nílé, àwọn mìíràn ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá a níbi tó ti ń bọ̀.

Gbàǹjo kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà mọ onígbàǹjo tó ń lu agogo, tó ń pe owó, tó ń bi èrò bóyá ẹnì kan ṣì máa fi kún un, kó tó wá lu ọjà náà fún ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá parí, ó máa ń yọ tirẹ̀ nínú owó náà. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà, torí òun ló pe èrò jọ, òun náà ló sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé lágbájá ló tà á, tàmẹ̀dò ló rà á, iye báyìí ló sì lọ. Iṣẹ́ kan náà ni ìkànnì gbàǹjo ń ṣe, àyàfi pé èrò tirẹ̀ kò sí lójú kan náà.

eBay ló lókìkí jù nínú wọn. Pierre Omidyar ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, AuctionWeb ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó tà níbẹ̀ ni iná léésà kan tó ti bàjẹ́, dọ́là 14.83 ló lọ. Kò pẹ́ tí ìbéèrè tó le jù fi yọjú: báwo lèèyàn ṣe máa fowó ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò rí rí, ní ìlú tí kò dé rí, kó sì sùn fọnfọn? Ní 1996, Omidyar ṣètò pé kí oníbàárà àti ọlọ́jà máa jẹ́rìí síra wọn ní gbangba lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, orúkọ rẹ̀ á máa níyì sí i. Ẹni tó bá ṣe màgòmágó, gbogbo ẹni tó bá dé àtẹ rẹ̀ lẹ́yìn náà ló máa kà á. Orúkọ yẹn ni gbogbo òwò náà dúró lé, ọdún ló sì ń gbà kó tó dúró.

Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lórí eBay ti Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bíi 13 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí ọ̀pọ̀ irú ọjà, wọ́n sì ń ka owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jà á ní, "Ṣé kí n kó o fún wọn ni, àbí kí èmi àti ìwọ pín in?" Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn létí àwọn méjèèjì.

Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ ká jọ ṣírò. 13 nínú 100 lórí dọ́là 340 jẹ́ dọ́là 44 àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Ọlọ́jà ní òun máa yọ 40 kúrò fún un. Kí ló wá kù tí ọlọ́jà máa jẹ? Dọ́là mẹ́rin. Orúkọ ọdún méje ló wà lára àkáǹtì náà, ó sì fẹ́ fi í wewu nítorí dọ́là mẹ́rin. Ó lè jẹ́ aláàánú ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí kò ní láàpù kankan láti tà ló rọrùn jù fún láti yọ ogójì dọ́là nínú owó ẹlòmíràn, yálà àkáǹtì tó jí gbé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kò tilẹ̀ sí lórí ìkànnì náà rárá.

Òfin ìkànnì lórí èyí kò ṣòro láti lóye. eBay kò gbà kí ọlọ́jà fi ọjà tó pàtẹ síbẹ̀ lọ oníbàárà níta, kò gbà kí oníbàárà béèrè bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n fún ara wọn ní nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì kí wọ́n tó ra ọjà. Ẹ̀rọ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì lè dá èyí tó bá ní nọ́ńbà fóònù nínú dúró. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ọlọ́jà tó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dípò òǹkà, tàbí tó fi pa mọ́ sínú fọ́tò. Bọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè yọ ọjà rẹ̀ kúrò, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa, wọ́n sì lè gba kọmíṣọ̀n wọn lórí ọjà náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ló ti tà á.

Ohun tó mú àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ yìí ṣòro ni pé ó jọ òótọ́. Lórí eBay, iye tó pọ̀ jù tó o lè san ni wàá kọ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì máa bá ọ fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ká ní mo kọ dọ́là 100, ẹlòmíràn sì kọ 70, 71 ni màá san, kì í ṣe 100. Bí mi ò bá wá sanwó, tàbí bí ọlọ́jà bá ní ju ẹyọ kan lọ nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, òfin fàyè gbà á láti padà tọ ẹni tó kọ 70 lọ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kó ní, "Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ ní 70 yẹn?" Àǹfààní kejì lórúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ ni. Àmọ́ inú ìkànnì ni ìpè náà ń gbà wá, inú ìkànnì lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ń san owó sí. Iye rẹ̀ kì í sì í dín sí èyí tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ.

Àwọn oníjìbìtì rí ọ̀nà yìí tipẹ́. Nígbà náà, wọ́n á dúró ti gbàǹjo kan títí tó fi máa parí, wọ́n á wo orúkọ àwọn tí kò rí ọjà náà gbé, wọ́n á sì kọ̀wé sí wọn bí ẹni pé ọlọ́jà ló kọ ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ohun tó wù ú, ó rọrùn láti tàn án, inú rẹ̀ á dùn ju kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ. Ìlú Râmnicu Vâlcea ní Romania di olókìkí káàkiri ayé nítorí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà èké orí eBay sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Mo dárúkọ wọn nítorí ó ti mọ́ wa lára láti máa rò pé ọmọ ilẹ̀ wa nìkan ló ń ṣe irú èyí. Irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí eBay bẹ̀rẹ̀ sí bo orúkọ àwọn tó ń fowó lé ọjà, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà díẹ̀ àti ìràwọ̀ lẹ máa ń rí báyìí.

Kí ni oníbàárà ń pàdánù bó bá gba ẹ̀yìnkùlé? Bí ọjà tó san owó rẹ̀ lórí eBay kò bá dé, tàbí tó dé tí kò jọ ohun tí wọ́n júwe, àyè wà fún un láti fẹjọ́ sùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà. Ọjà tí wọ́n bá san owó rẹ̀ níta kò sí nínú ìlérí yẹn, ó pin. Ìkànnì kò ní mọ̀ pé ọjà kankan wáyé. Oníbàárà kò ní rí ibi kọ ẹ̀rí búburú sí, nítorí náà ẹni tó jẹ ẹ́ run lónìí á tún fi orúkọ mímọ́ yẹn dọdẹ ẹlòmíràn lọ́la.

Láyé àwọn bàbá wa, Pàràkòyí ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò ní àwọn ìlú Yorùbá kan, lónìí ìyálọ́jà àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ń parí ìjà láàárín ọjà. Bí ẹnì kan bá ra iṣu tó jẹrà ní Odò Ògbé, ó mọ ẹni tó máa gbé e padà lọ bá. Èyí tí wọ́n tà lẹ́yìnkùlé lóru ńkọ́, ta ló máa dá ẹjọ́ rẹ̀?

Mo gbà pé ìdí mìíràn wà tó ń lé àwọn ènìyàn wa jáde kúrò lórí ìkànnì, kì í ṣe ojúkòkòrò. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi dọ́là 20 rà nígbà náà? PayPal, ìkànnì ìfowóránṣẹ́, wọlé wá ní 2014, ṣùgbọ́n fífi owó ránṣẹ́ jáde nìkan ni wọ́n gbà wá láyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ò lè gbà á wọlé. Ọlọ́jà púpọ̀ ni kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí Nàìjíríà rárá. Gbogbo èyí ló sọ wá di ẹni tó ń wá ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Nígbà tí ọlọ́jà bá wá sọ pé òun lè gba náírà tààrà sínú àkáǹtì kan ní Èkó, ó máa ń jọ ìdáhùn àdúrà.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Kódà ẹni tó pa gbogbo òfin mọ́ lè pàdánù ààbò yẹn. Bí ẹrù bá ti dé àdírẹ́sì tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá tún un dì tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ìlérí ìdápadà owó kò tẹ̀lé e mọ́. Ẹni tó ń lo àwọn akẹ́rù tó ń gba ẹrù lókè òkun fúnni gbọ́dọ̀ mọ èyí. Bí mọ̀lẹ́bí bá wà lọ́hùn-ún tó lè tú ẹrù náà wò, tó lè tan láàpù náà kó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó ṣe é kó tó dì í sínú báàgì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lásán ni.

Ọlọ́jà pẹ̀lú ń jìyà ọjà ẹ̀yìnkùlé, a kì í sì í sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta àdìrẹ níbí ní Ifẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló ní àkáǹtì tí wọ́n fi ń pàtẹ lórí ìkànnì kan. Oníbàárà kan wá bá a pé aṣọ méjì wu òun, ṣé wọ́n lè ṣe é níta kí òun lè rí ẹ̀dínwó gbà. Ó gbà. Owó wọlé, aṣọ lọ. Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà kí oníbàárà náà tó sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun kò mọ̀ nípa owó yẹn, báǹkì sì fà á padà. Ká ní orí ìkànnì ni wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ ẹrù á wà níbẹ̀, ọjọ́ tí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀, ẹnì kan á sì wà tí wọ́n máa kó o fún. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn, àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti dúnàádúrà níta ni ìkànnì rí, wọ́n sì ti àkáǹtì náà pa. Owó aṣọ méjì dun ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò rẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń mú un sunkún títí di òní.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí ìkànnì má gba owó mọ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ti dán an wò. eBay yọ kọmíṣọ̀n kúrò fún àwọn aládàáni tó ń tajà ní Jámánì ní 2023, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2024. Síbẹ̀ òfin tó ka títà níta léèwọ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà ló tiẹ̀ kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Nígbà tí eBay ń ṣòwò níbẹ̀, kò fẹ́ kí ọlọ́jà àti oníbàárà bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á sá lọ parí ọjà níta. Taobao, ìkànnì ọmọ ilẹ̀ náà, dé ní 2003, kò gba kọmíṣọ̀n, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn tàkúrọ̀sọ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ná ọjà bí a ṣe ń ná an ní Ọjà Titun. Ìgbà tó fi máa di òpin 2006, eBay ti palẹ̀ ìkànnì rẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Taobao fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: Alipay. Oníbàárà á san owó, owó náà á dúró lọ́wọ́ Alipay, ọlọ́jà á fi ẹrù ránṣẹ́, ìgbà tí oníbàárà bá sì sọ pé ẹrù ti dé, pé ó pé, nígbà náà ni owó máa tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́jà. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ níbi tó wù wọ́n, owó ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹlẹ́rìí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọjà orí Jiji mọ́ èyí. Jiji kì í ṣe gbàǹjo, ìkànnì ìpolówó ọjà ni. Nọ́ńbà ọlọ́jà wà níta gbangba, àwọn fúnra wọn ló sì ń sọ fún oníbàárà pé kó má sanwó sílẹ̀, kódà kó má san ti ìfiránṣẹ́, kí wọ́n pàdé níbi tí èrò wà, kó yẹ ọjà wò kó tó sanwó. Ojú oníbàárà ni ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ bá ń fi òfin ọjà ojúkojú ra ohun tó wà ní Port Harcourt.

Èyí tó sún mọ́ wa jù, tó sì ń bà mí nínú jẹ́ jù, ni gbàǹjo kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní 2017 ni àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà gbé gbàǹjo ọkọ̀ àti ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún un gbé dìde ní 2024. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà asanwó-orí kó tó lè fowó lé nǹkan níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó láṣẹ láti yọ ọkọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ. Síbẹ̀, ẹ wo Facebook láàárọ̀ yìí: ẹnì kan á gbé fọ́tò ẹni tó wọ aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù síbẹ̀, á ní gbàǹjo ti parí, Corolla méjì ló ṣẹ́kù, òun lè bá ọ fi ọ̀kan pamọ́ bó o bá tètè fi ìdajì owó ránṣẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti kìlọ̀ léraléra pé àwọn kì í ta ọkọ̀ tàbí ìrẹsì lórí Facebook tàbí WhatsApp. Àwọn ènìyàn ṣì ń san án.

Mo ti bá mẹ́ta nínú àwọn tó san án sọ̀rọ̀ nílùú yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo fẹ́ gba ẹ̀yìn ra ọkọ̀ ìjọba?" Ìtìjú yẹn ni oníjìbìtì fi ń jẹun. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò ní lè ké "olè!" Mo fẹ́ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé títàpá sófin ìkànnì àti lílu ènìyàn ní jìbìtì kì í ṣe ẹgbẹ́. Èkíní lè gba àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ. Èkejì jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2024, ẹni tí wọ́n sì lù ní jìbìtì ni wọ́n ṣẹ̀, bó ti wù kó gbà wọlé. Báǹkì rẹ ni kó o kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, torí bí owó náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì tó lọ, wọ́n lè dá a dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́pàá tàbí EFCC. Má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, kódà èyí tó ń tì ọ́ lójú.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ èsì lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, nínú ìkànnì: ó ní òun ṣì fẹ́ láàpù náà, kí ọlọ́jà fi àǹfààní kejì ránṣẹ́ sí òun, òun máa san 340 tí òun kọ gan-an. Kò sẹ́ni tó dáhùn, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí bóyá mi ò ti ba ọjà òun jẹ́, mi ò sì lè búra pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún ni láàpù náà tún padà sórí àtẹ, fọ́tò kan náà, ọlọ́jà kan náà. Ọmọ náà tún ti fowó lé e. Àǹtí rẹ̀ ní Houston ló máa gbà á, ó sì ti ṣèlérí pé òun á tàn án wò kí òun tó kó o bọ̀ nílé ní Kérésìmesì. Ní alẹ́ tí mò ń kọ èyí, ó ku wákàtí mọ́kàndínlógún, dọ́là 315 ló wà, owó tirẹ̀ ló ṣì wà lókè.